Níbo ni Gírámà Wà? Àgbéyẹ̀wò Aláfiwé Èdè Láò àti Èdè Ṣẹ́ẹ̀kì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àfiwé èdè Láò, tí wọ́n ń sọ ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, àti èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, tí wọ́n ń sọ ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Ohun tí ó ṣokùnfà rẹ̀ ni èrò kan tí ó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, pé èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí ìrísí padà kò ní gírámà tí ó ní láárí. A lo ìhun gbólóhùn, ọ̀nà ìkànye, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ìlò ohùn àti akọtọ́ láti fi hàn pé òfin pọ̀ nínú èdè méjèèjì, àti pé ibi tí èdè kọ̀ọ̀kan kó òfin rẹ̀ sí ni ó yàtọ̀. Ní ìparí, a sọ ohun tí olùkọ́ Yorùbá lè rí kọ́ nínú àfiwé náà.

1.0 Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń jẹyọ ní kíláàsì gírámà lọ́dọọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò nàka sókè, yóò ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé Yorùbá ní gírámà bí ti Gẹ̀ẹ́sì?" Bí a bá bi í pé kí ni ó rí, yóò dáhùn pé Gẹ̀ẹ́sì a máa yí go padà di went, a sì máa yí child padà di children, ṣùgbọ́n lọ àti ọmọ ti Yorùbá kì í kúrò lójú kan. Lójú irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyípadà ìrísí ọ̀rọ̀ ni gírámà. Níbi tí ìyípadà kò bá sí, gírámà kò sí níbẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí ti ka irú èsì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìdánwò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ òní ni olùkọ́ ọ̀la, ohun tí ó bá sì gbà gbọ́ nípa èdè rẹ̀ ni yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn onímọ̀ wa, bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì, ti fi ìwé gírámà wọn dáhùn ìbéèrè yìí láti inú Yorùbá fúnra rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni a gbà nínú iṣẹ́ yìí. Nígbàkígbà tí a bá gbé Yorùbá ka iwájú Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ náà ti ń wọ́ kí a tó jókòó, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn olùpẹ̀jọ́ ni èdè ilé ẹ̀kọ́, èdè ọ́fíìsì àti èdè ìgbéga. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, a yan èdè méjì tí kò sí èyí tí ó jẹ́ tiwa, tí kò sì sí èyí tí ó jọba lé wa lórí rí: ọ̀kan kì í yí ọ̀rọ̀ padà rárá, èkejì sì ń yí i padà lọ́pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà. Bí a bá ti dá ẹjọ́ wọn tán, yóò rọrùn láti fi ojú kan náà wo tiwa.

2.0 Àwọn èdè méjèèjì ní ṣókí

Èdè Láò wà nínú ẹbí èdè Tai, ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti èdè Táílàǹdì. Òun ni èdè ìjọba orílẹ̀-èdè Láòsì, tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Vientiane. Ohun ìyanu kan nípa rẹ̀ ni pé àwọn tí ń sọ ọ́ ní ẹkùn Isan, ní àríwá ìlà-oòrùn Táílàǹdì, ní òdìkejì odò Mekong, pọ̀ ju àwọn tí ń sọ ọ́ ní Láòsì gan-an lọ. Àwọn Faransé ni wọ́n ṣàkóso Láòsì láti 1893 títí di 1953.

Èdè Ṣẹ́ẹ̀kì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè Slav, ó sì bá èdè Slovak, Polish àti Russian tan. Àwọn tí ń sọ ọ́ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Bohemia pàdánù ogun Òkè Funfun ní 1620, èdè Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì àti ní ilé ìwé gíga. Nígbà tí Josef Dobrovský tẹ gírámà ńlá rẹ̀ lórí èdè Ṣẹ́ẹ̀kì jáde ní 1809, èdè Jámánì ni ó fi kọ ọ́. Josef Jungmann ni ó wá ṣe ìwé atúmọ̀ èdè alápá márùn-ún, láàárín 1834 sí 1839, láti fi hàn pé kò sí ẹrù ìmọ̀ tí èdè náà kò lè gbé. Èdè méjèèjì, nígbà náà, ti gbé lábẹ́ òjìji èdè mìíràn rí, bí tiwa.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Láò àti Ṣẹ́ẹ̀kì kò tan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó bá Yorùbá tan nínú àwọn méjèèjì. Àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yóò fi hàn pé Láò àti Yorùbá jọra níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ìjọra ìhun kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan. Ẹni tí ó bá tìtorí rẹ̀ sọ pé láti Éṣíà ni baba ńlá wa ti wá ti gba ojú fèrèsé wọlé. A kọ ọ̀rọ̀ Láò ní lẹ́tà Látìn láìfi àmì ohùn sí i. Ohun tí àìfi-àmì-sí yìí bà jẹ́ yóò hàn ní ìpín karùn-ún.

3.0 Gbólóhùn kan ní èdè mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí olùkọ́ ń sọ lójoojúmọ́:

(1) Yorùbá: Mú ìwé wá fún mi.
(2) Láò: Ao peum ma hai khoy.
(3) Ṣẹ́ẹ̀kì: Přines mi knihu.

Nínú (2), ao ni mú, peum ni ìwé, ma ni wá, hai ni fún, khoy ni èmi. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó dojú kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún, ní ààtò kan náà. Ohun tí a ń pè ní àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó wà nínú gbólóhùn Láò yìí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà tí ó yí ìrísí padà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè tò wọ́n bí ó ti wù ú. Bí a bá gbé hai khoy síwájú tí a ní hai khoy ao peum, ìtumọ̀ ti di "jẹ́ kí n mú ìwé": ẹni tí a ń fún ní nǹkan ti di ẹni tí ó fẹ́ lọ mú un. Ipò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ipò ọ̀rọ̀ sì ni gírámà níbẹ̀.

Nínú (3), ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ó wà, ṣùgbọ́n a di ẹrù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Přines ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ při-, tí ó ń fi hàn pé ìrìn náà ń bọ̀ síhìn-ín, àti nes, tí ó jẹ́ àṣẹ pé kí a gbé nǹkan. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, mú àti wá, ń ṣe fún wa ni àfòmọ́ kan àti ọ̀rọ̀-ìṣe kan ń ṣe níhìn-ín. Mi fúnra rẹ̀ ti túmọ̀ sí "fún mi", kò nílò ọ̀rọ̀ mìíràn. Knihu ni ìwé. Kniha ni ìbá jẹ́ tí ó bá jẹ́ olùwà, ṣùgbọ́n ó ti di -u nítorí pé àbọ̀ ni.

Ẹ wo ọ̀nà tí èdè kọ̀ọ̀kan ń gbà bọ̀wọ̀ fún àgbà nínú gbólóhùn yìí kan náà. Yorùbá fi ẹ síwájú: Ẹ mú ìwé wá fún mi. Ṣẹ́ẹ̀kì fi -te kún ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe: Přineste mi knihu, bí ó sì ti rí pẹ̀lú ẹ tiwa, ìrísí ọ̀pọ̀ ni -te yìí. Láò fi ọ̀rọ̀ kékeré kan, dae, sí ìparí gbólóhùn. Khoy pàápàá, tí ó túmọ̀ sí "èmi", ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka sí ẹrú ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni chao, "ìwọ", sì jẹ́ olúwa tàbí ọ̀gá. Ẹni tí ó bá sì mọ ọmọlúwàbí ní Láò kì í fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ nìkan báni sọ̀rọ̀. A máa lo ai fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, euay fún ẹ̀gbọ́n obìnrin, àti nong fún àbúrò, kódà fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ìwà yìí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá.

4.0 Ta ni ó rí ta, àti pé mélòó ni wọ́n?

4.1 Ààtò ọ̀rọ̀

Ní Láò, ma hen meo ni "ajá rí ológbò". Meo hen ma ni "ológbò rí ajá". Ní Ṣẹ́ẹ̀kì, Pes vidí kočku ni "ajá rí ológbò". Kočku vidí pes náà, tí ológbò ṣáájú nínú rẹ̀, "ajá rí ológbò" náà ni, nítorí -u tí ó wà ní ìparí kočku kò jẹ́ kí a ṣì í mú fún olùwà. Bí ológbò bá fẹ́ di olùwà, ìparí ọ̀rọ̀ ni yóò yí padà: Kočka vidí psa. Ipò méje ni ọ̀rọ̀-orúkọ Ṣẹ́ẹ̀kì ń bọ́ sí, àní tí a bá ń pe ènìyàn ní orúkọ, orúkọ náà ń yí padà: Petr a di Petře, Jana a sì di Jano.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ààtò ọ̀rọ̀ kò já mọ́ nǹkan ní Ṣẹ́ẹ̀kì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Vilém Mathesius, ẹni tí ó ṣáájú nínú ìdásílẹ̀ Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè ti Prague ní 1926, ṣàlàyé pé ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ ni ó sábà máa ń ṣáájú, tí ìròyìn tuntun sì máa ń kẹ́yìn. Kočku vidí pes ni ìdáhùn sí ìbéèrè "Ta ni ó rí ológbò?" Yorùbá yóò ní "Ajá ni ó rí i". Ohun tí ni ń ṣe fún wa ni ààtò ọ̀rọ̀ ń ṣe fún wọn. Èdè tí kò lo ààtò láti fi olùwà hàn ti ráyè lò ó fún iṣẹ́ mìíràn.

4.2 Ìkànye

Ní Ṣẹ́ẹ̀kì, ajá kan ni jeden pes. Ajá méjì ni dva psi. Mẹ́ta àti mẹ́rin náà gba psi. Ṣùgbọ́n bí a bá dé márùn-ún, ó di pět psů, bí ìgbà tí a bá ní "márùn-ún ti ajá". Ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ààlà wà láàárín mẹ́rin àti márùn-ún.

Ní Láò, ma kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ṣé ìkànye Láò wá rọrùn ni? Rárá o. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka nǹkan gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ irú nǹkan tí ó jẹ́ sí i. Ajá mẹ́ta ni ma sam to, ọ̀rọ̀ to sì wà fún ẹranko. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni nak hian sam khon, nítorí khon ni ti ènìyàn. Ọkọ̀ mẹ́ta ni lot sam khan, nítorí khan ni ti ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fi to ka akẹ́kọ̀ọ́ ti bú wọn. Ọmọ Láò kò ní ààlà márùn-ún láti kọ́, ṣùgbọ́n ó ní láti mọ ìsọ̀rí tí ohun gbogbo tí ń bẹ láyé bọ́ sí.

4.3 Àsìkò àti ibá-ìṣẹ̀lẹ̀

Nígbà tí ará Láò bá jẹun tán, yóò ní kin khao leo: kin ni jẹ, khao ni ìrẹsì, leo sì ń fi hàn pé ó ti parí. Bí ó bá fẹ́ bi ẹlòmíràn, yóò fi bo kún un: kin khao leo bo? Bo yìí, tí ó ń béèrè ní ìparí gbólóhùn, náà ni ó ń kọ̀ nígbà tí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: bo kin, "kò jẹ". Ipò rẹ̀ ni ó yí ìkọ̀sílẹ̀ padà di ìbéèrè.

Ọkùnrin Ṣẹ́ẹ̀kì tí ó jẹun yóò ní jedl jsem, obìnrin yóò sì ní jedla jsem. Ọ̀rọ̀-ìṣe ti sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Síwájú sí i, psal dopis ni pé ọkùnrin kan ń kọ lẹ́tà nígbà kan, napsal dopis ni pé ó kọ ọ́ parí. Ọ̀rọ̀ akọ àti abo yìí wọ inú orúkọ ẹbí pẹ̀lú: -ová ni orúkọ obìnrin sábà máa ń parí sí. Ìgbà tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2022 ni obìnrin gbogbo tó lè yan orúkọ tí kò ní àfòmọ́ náà láìsọ ìdí. Láti èyí a rí i pé gírámà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Ó lè di ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin.

4.4 Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀

Láti ara psát, "kọ", Ṣẹ́ẹ̀kì ṣẹ̀dá podepsat, "buwọ́ lù", opsat, "dà kọ", àti přepsat, "tún kọ". Láti ara učit, "kọ́ni", ni učitel, "olùkọ́ ọkùnrin", učitelka, "olùkọ́ obìnrin", àti učebnice, "ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́", ti wá. Láò kì í lo àfòmọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó máa ń fẹ́ fúnra wọn. Hong, "ilé ńlá", fẹ́ hian, "kọ́ ẹ̀kọ́", wọ́n bí hong hian, "ilé ẹ̀kọ́". Nam, "omi", fẹ́ ta, "ojú", wọ́n bí nam ta, "omi ojú". Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ni Láò sọ pé ó sia chai, níbi tí sia ti jẹ́ bàjẹ́, tí chai sì jẹ́ ọkàn.

5.0 Ohùn, àmì àti akọtọ́

Òǹkàwé tí ó bá fiyè sílẹ̀ yóò ti rí ohun kan tí ó takókó. Nínú àpẹẹrẹ (2), a ní ma ni wá. Ní 4.1, a ní ma ni ajá. Èwo ni òótọ́? Òótọ́ ni méjèèjì, ẹ̀kẹta sì tún wà: ma ni ẹṣin. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, àwa ni a kò sì kọ ohùn náà sílẹ̀. Bákan náà, kai lè jẹ́ "nítòsí", ó sì lè jẹ́ "jìnnà". Ẹ fojú inú wo àlejò tí ó ń béèrè ọ̀nà, tí a sì fi lẹ́tà tí kò ní àmì dá a lóhùn!

Àwọn onímọ̀ ka ohùn márùn-ún tàbí mẹ́fà fún ẹ̀ka-èdè Vientiane. Akọtọ́ Láò kò fi ohùn náà ṣeré. Irú kọ́nsónáǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ sílébù, bí fáwẹ́lì ṣe gùn tó, bí sílébù ṣe parí, àti àmì orí ọ̀rọ̀ ni wọ́n jọ ń sọ ohùn tí a ó lò. Ajá, wá àti ẹṣin ní ìkọsílẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àríyànjiyàn ti wáyé lórí akọtọ́ yìí. Gírámà tí Maha Sila Viravong ṣe ní 1935 fẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá láti èdè Pali ní lẹ́tà tí yóò fi orísun wọn hàn. Gírámà Phoumi Vongvichit ní 1967 fẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ bí a ti ń pè é. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ní 1975, ọ̀nà kejì ni ó borí. Nínú gbogbo awuyewuye náà, ohùn kò di ohun tí a lè yọ sọnù.

Ṣẹ́ẹ̀kì kì í ṣe èdè olóhùn. Sílébù àkọ́kọ́ ni ó máa ń gba ìtẹnumọ́. Ṣùgbọ́n gígùn àti kíkúrú fáwẹ́lì ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀: byt ni ibùgbé, být sì ni "jẹ́" tàbí "wà". Rada ni ìmọ̀ràn, ráda ni ọ̀rọ̀ tí obìnrin ń lò fún ohun tí inú rẹ̀ dùn sí, řada sì ni ìlà tí a tò. Ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, tí a gbà pé Jan Hus ni ó kọ ọ́, ni ó dá a lábàá pé kí a fi àmì tóótó sórí lẹ́tà dípò kí a máa to lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta jọ fún ìró kan. Wọ́n dáná sun Hus ní 1415 nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n àmì tóótó náà kò kú. Òun ni ó di ìkọ́ kékeré tí ó wà lórí č, š àti ž lónìí. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lẹ́yìn ẹ, ọ àti ṣ tiwa: ìró kan, lẹ́tà kan.

Nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká dé, ọ̀pọ̀ ará Ṣẹ́ẹ̀kì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìsí àmì, bí àwa náà ti ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú ìwé àti ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ tí a yọ àmì rẹ̀ kúrò, àṣìkọ ni. Wọn kò jẹ́ kí àṣà orí fóònù di òfin inú ìwé.

6.0 Àríwísí lórí òṣùwọ̀n àtijọ́

Èrò pé èdè tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà kò tíì dàgbà kò ti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbé e lárugẹ ni August Schleicher, ọmọ Jámánì tí ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Prague gan-an láti 1850 sí 1857. Ó pín èdè sí ìpele mẹ́ta: èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá dúró wà ní ìsàlẹ̀, èyí tí ń lẹ àfòmọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ wà láàárín, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí padà láti inú wá wà lókè téńté. Lórí àtẹ̀gùn yìí, Ṣẹ́ẹ̀kì yóò wà lókè, Láò yóò wà nílẹ̀.

Àléébù àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí ó gé ọ̀pá òṣùwọ̀n ni ó ga jù lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ará Vientiane ni ó gé e, tí ó fi iye ohùn àti ìsọ̀rí ìkànye ṣe òdiwọ̀n, Ṣẹ́ẹ̀kì ni ìbá wà nílẹ̀. Èkejì ni pé Gẹ̀ẹ́sì, tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń ṣe àwòkọ́ṣe, ti pàdánù púpọ̀ nínú ìparí ọ̀rọ̀ tí ó ní ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Bí àtẹ̀gùn náà bá jẹ́ òótọ́, èdè tí ó ti ń ṣubú bọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì sí ẹni tí ó gbà bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kí a má sá fún ẹkùn kí a bọ́ sẹ́nu kìnnìún. Àwọn kan máa ń sọ pé gbogbo èdè ni ó le dọ́gba. A kò fi ìdí ìyẹn múlẹ̀ níhìn-ín, kò sì sí òṣùwọ̀n tí gbogbo onímọ̀ fọwọ́ sí tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Ohun tí àpẹẹrẹ wa fi hàn kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin: àìsí òfin níbi tí a ń wò kò túmọ̀ sí àìsí òfin rárá.

7.0 Ohun tí olùkọ́ Yorùbá lè rí mú lò

Èkínní, kí a dẹ́kun kíkọ́ ọmọ ní mo lọ, o lọ, ó lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń yí padà. Kí a kọ́ wọn ní ohun tí ń yí padà ní tòótọ́: lọ, ń lọ, ti lọ, yóò lọ, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí olùwà nígbà tí a bá kọ ọ̀rọ̀: o lọ, ṣùgbọ́n o kò lọ, ó lọ, ṣùgbọ́n kò lọ.

Èkejì, kí a sọ ààtò ọ̀rọ̀ di iṣẹ́ àṣekára. Kọ mú, ìwé, wá, fún àti mi sórí páálí márùn-ún, kí o sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tún wọn tò. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ ààtò náà kò mú ọgbọ́n wá, wọn yóò ti rí gírámà pẹ̀lú ojú ara wọn.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ fi àmì ohùn sí ohun tí ó bá kọ sójú pátákó. Olùkọ́ tí ó kọ oko sílẹ̀, tí ó sì ní kí ọmọ fi òye gbé e bóyá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí oko ni, ti ṣe sí ọmọ náà bí àwa ti ṣe sí òǹkàwé pẹ̀lú ma nínú iṣẹ́ yìí.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé Ṣẹ́ẹ̀kì kó òfin rẹ̀ sí ìparí àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí Láò sì kó tirẹ̀ sí ohùn, sí ipò ọ̀rọ̀, sí ìsọ̀rí ìkànye àti sí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ẹni tí ó bá wá gírámà Láò lọ sí ìparí ọ̀rọ̀ yóò padà lọ́wọ́ òfo, yóò sì rò pé kò sí nǹkan nílé, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn tí kò yẹ ni ó kàn. Ilẹ̀kùn yìí kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kàn lára Yorùbá. Nígbà tí ó bá tún béèrè pé ṣé Yorùbá ní gírámà, kí olùkọ́ má bínú sí i. Kí ó ní kí ó mú ìwé wá fún òun, kí ó sì bi í léèrè pé kí ni ó dé tí kò fi gbọ́ ọ sí "fún ìwé mi mú wá".